Ìyá Àgbà Fi Ilé Lé Ọkọ̀

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá tó bí ìyá mi, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó jẹ sàárà, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa bójú tó ilé ni.

Ó ní, "Ìyá ẹ àgbà, ṣé ó sọ fún ẹ rí, káàdì wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Káàdì ilé ìwòsàn ni, Bàbá?"

Ó ní, "Káàdì tí wọ́n fi ń ta póká."

Ká ní kì í ṣe pé irun funfun bo orí rẹ̀ ni, ǹ bá fi ọ̀nà han án. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀, omi ò tíì gbẹ lójú wa, ẹnì kan wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà wa, ó ń pè wọ́n ní atatẹ́tẹ́. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Bàbá Gánì ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi àgbà ni, kò sì jọ ẹni tó ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ìyá àgbà mi jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ.

Rábíátù ni orúkọ wọn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, nínú ìdílé apẹja tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ó rò pé àwọn ló kọ́kọ́ kírun létí ọ̀sà. Ọkọ ló gbé wọn wá sí Ìkòròdú. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ààrò ní ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹja, wọn á dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ bàbá wa àgbà á sì gbé e lọ sí ọjà Èjìnrìn. Bí ọkọ̀ náà bá ń bọ̀, á gbé èrò àti iṣu bọ̀. Ọkọ̀ yẹn la fi ń jẹun, òun náà la fi ń lọ ilé ìwé. Ilé tí a ń gbé ní tirẹ̀, òógùn ojú ìyá àgbà ló kọ́ ọ. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ìdílé. Wọ́n rà á, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fi páànù bò ó, kò sì sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí kò ní ẹní tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí ohun kan bá wà tí wọ́n kórìíra ju irọ́ lọ, tẹ́tẹ́ ni. Bùrọ̀dá Múfú, àbúrò ìyá mi, tó ń tukọ̀, ra káàdì kan nígbà kan, òun àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ń ta á lẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà kò pariwo. Wọ́n rìn wọ àárín wọn, wọ́n ṣa káàdì náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n lọ kó o sínú ààrò. Gbogbo ẹja ọjọ́ náà ló rùn bí ìwé jíjó, àwọn oníbàárà wa ní Èjìnrìn sì ń bèèrè irú igi tí a fi yan án. Bùrọ̀dá Múfú ní eré lásán làwọn ń ṣe, pé kò sí ohun tí àwọn fi lélẹ̀ ju bisikíìtì lọ. Ìyá àgbà wò ó títí, wọ́n ní, "Ohun tí o kò bá lè fi tọrẹ láìsunkún, má fi ta tẹ́tẹ́."

Mo rò pé wáàsí ni. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí olùkọ́ tó mọ ohun tó ń sọ. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ eré náà tinú-tòde ni mo ń kọ́ wọn.

Ojú wọn kì í sọ nǹkan kan. Ìyẹn náà yẹ kó ti mú mi fura. Èéfín ààrò a máa mú gbogbo wa sunkún, àwọn nìkan ni yóò dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni dúró nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí àwọn ará Ìmọ̀tà wá tọrọ àǹtí mi, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, àwọn àgbà ọkùnrin ìdílé ọkọ kún pálọ̀, wọ́n sì gbé àdúrà kalẹ̀, àdúrà ńlá, èyí tí kò fẹ́ tán. Ìyá àgbà jókòó lórí ẹní, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ń ṣe àmín. Àmín, àmín, títí wọ́n fi fọwọ́ pa ojú. Wọ́n kí àwọn àlejò káàbọ̀, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè oko ìrẹsì wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yí sí ìyá mi, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn gbé omi wá, wọ́n ní, "Bá mi pa àkekèé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ti ta mí láti ìgbà àdúrà."

Ẹsẹ̀ náà ti wú bí iṣu. Àwọn ará Ìmọ̀tà sáré ṣe ìgbéyàwó náà, mo rò pé ẹ̀rù bà wọ́n ni.

Ohun tó tún yàtọ̀ lára wọn ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Gbogbo wa la mọ̀ pé àgbà kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ọmọdé á sọ tirẹ̀, àgbà á gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó dá a. Ìyá àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ tútù, tí kò lè pa eèrà. Wọn á wá dákẹ́. Ẹ ó rò pé ó ti tán. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti tú ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀, tí ẹni tó dàgbà jù ti fi òǹtẹ̀ lù ú, nígbà náà ni wọn yóò tún la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fi mọ èyí dájú. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, àwọn bàbá mi pe ìpàdé pé kí n máa lọ sílé ọkọ, pé ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ìkòròdú ti ń béèrè mi, ó níwà, ó lówó, irun rẹ̀ nìkan ló ti ń dín kù. Ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹ bá rò pé ó dáa ni." Mo sunkún lójú ẹsẹ̀, mo gbà pé wọ́n ti tà mí. Àwọn bàbá mi sọ̀rọ̀ títí, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n yan ẹran. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà pátápátá ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ìyá àgbà wá ní àwọn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ń lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ tí ẹ rí yẹn, mi ò fẹ́ kó ṣòfò, opó ni mí, èmi ni kẹ́ ẹ fún."

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó lè bínú. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá sí, kò sí owó ilé ìwé. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tiwa mọ́.

Bàbá mi àgbà ló fi í ta káàdì. Ọkọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ṣe kúkù nígbà èwe wọn, inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́ póká. Ìyá mi tilẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ìgbà òjò, tí ọ̀sà bá ru, bàbá àti ìyá àgbà a máa wọ yàrá, wọn á ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, ẹ ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn ọmọ á máa wojú ara wọn, ojú á máa tì wọ́n fún òbí wọn. Káàdì ni wọ́n ń ta! Èkùrọ́ ni wọ́n fi ń lélẹ̀ dípò owó. Ìyá mi ní àwọn máa ń rí èkùrọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn kò sì mọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Ní ọdún tí bàbá àgbà kú, wọ́n ti pàdánù ọkọ̀ náà fún Bàbá Gánì nídìí póká ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá Gánì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ìyá àgbà jáde opó ló tó wá sí Ìkòròdú, ó ṣàdúrà fún òkú, ó ní òun ti rí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà.

Ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ pé ẹ fi sílẹ̀ fún wa tó báyìí, ọkọ mi." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá Gánì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó dìde, ó ń gbọn agbádá rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ní, "Bí bàbá wọn ṣe pàdánù ẹ̀ lèmi náà fẹ́ fi gbà á padà. Màá wá bá yín ta á."

Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí fìlà òun fi bọ́ sílẹ̀. Ó gbà, nítorí ó rò pé eré ni, àti pé bí obìnrin náà bá fi wúrà ọrùn rẹ̀ ta á, tí òun sì jẹ ẹ́, òun á dá a padà fún un, òun á gbé ọkọ̀ òun lọ, kò ní sí ìjà.

Èmi tí n kò mọ̀ ju lúdò lọ, ó ní láti ṣàlàyé eré náà fún mi. Wọ́n á pín káàdì márùn-ún márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rí ti ẹnìkejì. O lè pààrọ̀ èyí tí kò bá wù ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni àkọ́kọ́ yóò fi nǹkan lélẹ̀. Àwọn tó kù lè fi irú rẹ̀ tì í, wọ́n lè fi ohun tó jù ú lọ lé e, wọ́n sì lè da káàdì wọn dé kí wọ́n jáde. Bí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo, òun ló kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ láìfi káàdì rẹ̀ hàn; bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣí i, ẹni tí tirẹ̀ ga jù ló jẹ. Bí ẹnì kan bá lé e, ọ̀rọ̀ á tún padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni ìyà ń jẹ jù, nítorí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ tirẹ̀ kó tó gbọ́ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ tó ń ta á kì í fi jókòó síbẹ̀. Bí àgbà kì í ti í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nídìí káàdì. Ẹni tó kéré jù ni wọ́n máa ń fi sí ìjókòó àkọ́kọ́. Bí àgbà bá sì ti lé e, ọmọdé á da káàdì tirẹ̀ dé, á ní, "Àgbà ti sọ̀rọ̀." Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì wọ́n láti tún fi nǹkan lé ti àgbà. Bàbá Gánì jẹ́wọ́ fún mi pé ọjọ́ orí òun jẹ tẹ́tẹ́ fún òun ju káàdì lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ta á, lẹ́yìn ìrun, nínú ṣọ́ọ̀bù òwú àwọ̀n rẹ̀ létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Òjò ń rọ̀. Àwọn mẹ́ta ni: òun, ìyá àgbà, àti Bàbá Dírẹ́bà, ọ̀rẹ́ wọn tó ti wa ọkọ̀ ojú omi ìjọba rí, kí Ọlọ́run forí jì í. Ìyá àgbà kéré jù, obìnrin sì ni wọ́n, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n lọ jókòó sí ìjókòó àkọ́kọ́. Wọ́n ní Bísímílà kí wọ́n tó gbé káàdì nílẹ̀.

Bàbá Dírẹ́bà ní, "Ràbí, èyí ò gba Bísímílà o."

Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Ta ni kí n wá pè?"

Nígbà tí mo gbọ́ ibí yìí, omi bọ́ lójú mi. N kò gbọ́ ọ rí kí ìyá àgbà sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn.

Wọ́n ta á díẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́, láti fi ṣí ọwọ́. Wọ́n wá pín èyí tó jẹ́ ojúlówó. Wọ́n pààrọ̀ káàdì tán, ọ̀rọ̀ kan ìyá àgbà. Wọ́n bọ́ wúrà ọrùn àti yẹtí wọn, wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì. Bàbá Dírẹ́bà da káàdì rẹ̀ dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ. Ó kan Bàbá Gánì. Ọba mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú póká, ọba mẹ́ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sá fún. Ó wo wúrà yẹn, àánú ṣe é, ó fẹ́ kí eré náà tán kí obìnrin yìí máa lọ sílé. Ó mọ̀ pé obìnrin náà kò ní ohun tó lè bá ọkọ̀ dọ́gba.

Ó ní, "Mo fi ọkọ̀ náà lé e. Ọ̀rọ̀ tán, ìyàwó wa."

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó ti tán lóòótọ́. Ó tilẹ̀ ti na ọwọ́ láti kó káàdì jọ.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ tún ti padà sọ́dọ̀ mi. Mo fi ilé mi lé ọkọ̀ yín."

Bàbá Dírẹ́bà ní, "Ilé wo?"

"Ilé tó wà ní Ìkòròdú. Èmi ni mo kọ́ ọ, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Inú ẹ̀ ni wọ́n wà."

Mo dìde dúró nígbà tí Bàbá Gánì sọ èyí. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Ilé wa! Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, àpótí mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìkòròdú, ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn àbúrò mi ń sùn níbẹ̀, ẹnì kan sì gbé gbogbo wa kalẹ̀ lórí tábìlì ní Ẹ̀pẹ́ láàárín òwú àwọ̀n. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ!

Mo bi Bàbá Gánì pé, "Kí lẹ wá ṣe?"

Ó ní òun tún ọba mẹ́ta òun wò. Bí òun bá fẹ́ dúró, òun ní láti fi ṣọ́ọ̀bù òun kún ọkọ̀ kó tó lè bá ilé dọ́gba. Ó ní kì í ṣe ìyẹn ló dá òun dúró. Ó ní, "Mo wo ojú ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá wo ara mi. Tí mo bá pàdánù, ọkọ̀ lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ. Tí mo bá jẹ ńkọ́? Ṣé èmi ni màá lọ lé opó ọ̀rẹ́ mi àtàwọn ọmọ ẹ̀ jáde? Mo ṣì fẹ́ máa bá àwọn èèyàn ẹ̀ kírun ní mọ́sálásí Ẹ̀pẹ́! Ohun tó fi lélẹ̀ yẹn, mi ò lè pàdánù, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Mo da káàdì mi dé."

Ìyá àgbà kó gbogbo káàdì pọ̀, wọ́n pò ó mọ́ra, tiwọn náà wọ inú rẹ̀ lọ. Bàbá Gánì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ fún un, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní, "Ẹ ti yọ̀ǹda fún mi, ọkọ mi. Kí lẹ tún fẹ́ wò?"

Láti ìgbà náà ni kò ti mọ̀. Ó wá sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ torí ó gbà pé wọ́n á ti sọ fún èmi akọ̀wé ilé. Mo ní wọn kò sọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀.

Mo wá fi ara mi lọ́kàn balẹ̀. Mo ní dájúdájú káàdì ńlá ló wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, káàdì tó ju ọba mẹ́ta lọ, wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè pàdánù. Mo ní bó bá sì bọ́ sódì, wọ́n á sunkún, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà á dá sí i, kò sẹ́ni tó máa lè lé wa jáde. Ìyá àgbà mọ èèyàn, wọ́n kàn fi ilé dẹ́rù ba bàbá arúgbó ni. Bí mo ṣe tò ó nìyẹn tí ìbínú mi fi rọ̀.

Mo lọ bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ìkòkò sàárà, mo rò ó fún un, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń rò ó. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ tí òjò rọ̀ yẹn? Kí wọ́n tó kúrò nílé láàárọ̀ ni wọ́n ti ní kí n di gbogbo ẹrù wa. Ẹní, àpótí, odó, tìẹ náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe ká lọ máa gbé ní ilé àwọn èèyàn wọn. Mo dì í. Mo tún gbá yàrá, torí wọ́n ní ká má fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Àwọn àbúrò ẹ jókòó lórí ẹrù títí ìyá mi fi dé. Òjò ti pa wọ́n, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní ká tú ẹrù. Mo ní, 'Ṣé a ò lọ mọ́ ni?' Wọ́n ní, 'Àwọn tó fẹ́ wá gbé ibí ni kò wá mọ́.'"